Ìpápánu ilẹ̀ Ìdáàṣà: kí ni ó wà nínú igbá tí wọ́n ń gbé kiri?

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Cotonou lọ sí ìhà àríwá yóò dé oríta Dassa-Zoumè, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ọ̀kan ń lọ sí Parakou tààrà, èkejì yà sí ọwọ́ òsì, ó gba Savalou lọ sí Djougou. Bí ọkọ̀ bá ti dúró níbẹ̀, àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin yóò sáré wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pẹ̀lú igbá àti abọ́ lórí wọn: ẹ̀pà yíyan, kúlíkúlí, àkàrà, iṣu díndín. Àwọn èrò ọkọ̀ á rà, wọ́n á jẹ, wọ́n á sì lọ. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ń bèèrè bí a ṣe ṣe ohun tí wọ́n jẹ.

Lèma jẹ́ ọ̀kan nínú agbègbè 10 tí ó para pọ̀ di kọmúùnù Dassa-Zoumè. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ará ibẹ̀. Iṣu, ẹ̀wà, ẹ̀pà, gbáàgúdá àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn láàárín àwọn òkè, láti inú àwọn nǹkan wọ̀nyí sì ni ìpápánu wa ti ń jáde. Ẹ̀yin òǹkàwé lè sọ pé ìpápánu kì í ṣe oúnjẹ tí a fi ń yó. Òtítọ́ ni fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí ó jáde lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú ẹyọ owó kan lọ́wọ́, òun gan-an ni oúnjẹ àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkàrà, nítorí pé òun ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn Fọ̀n tí a jọ ń gbé ń pè é ní ata. Kí àlejò láti Nàìjíríà má ṣe rò pé ata tí ń ta ni lẹ́nu ni wọ́n fẹ́ fún òun. A ó rẹ ẹ̀wà sínú omi, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó sì fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun. A ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi díẹ̀, nítorí pé bí omi bá pọ̀ jù, àkàrà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ sínú epo. Lẹ́yìn náà ni a ó pò ó. Ibí yìí ni agbára apá ti ń hàn: a gbọ́dọ̀ lù ú títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ inú rẹ̀, tí yóò sì wú. Iyọ̀ kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ìgbà tí epo bá ti gbóná ni a ń fi í sí i. Bí àkàrà bá fúyẹ́ lọ́wọ́, tí inú rẹ̀ sì ní ihò kéékèèké, ẹni tí ó dín in mọ iṣẹ́.

Àkàrà yìí kan náà ti rìn jìnnà. Ní ayé àtijọ́, àwọn ará Ìdáàṣà máa ń sá gun orí òkè nítorí àwọn ọmọ ogun Danxomè tí ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a tà ní Ouidah, láti ilẹ̀ Yorùbá àti láti ibòmíràn, ni ó bá ara wọn ní Bahia ní orílẹ̀-èdè Brésil. Níbẹ̀, títí di òní, àwọn obìnrin tí ó wọ aṣọ funfun ń dín àkàrà tà ní ìgboro. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, acarajé sì ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2005, ìjọba Brésil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ìdíje ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù àgbáyé ti ọdún 2014 ń bọ̀, wọ́n fẹ́ lé wọn jìnnà sí pápá ìṣeré Salvador. Àwọn obìnrin náà kò gbà. Wọ́n ko orúkọ ènìyàn jọ sínú ìwé ẹ̀hónú, wọ́n sì fi hàn títí a fi fún wọn láyè láti tà.

Nínú kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ìbéèrè kan wà tí àwọn aláàkàrà máa ń bi mí: «Olùkọ́, mo ń tà tán lójoojúmọ́, kí ló dé tí owó kò dúró lọ́wọ́ mi?» Ẹ mú gègé, kí a fi àpẹẹrẹ ṣírò. Ká ní ìyá kan ra ẹ̀wà 1.500 fáráǹkì, epo 1.200, igi ìdáná 300, ó san 200 fún ẹ̀rọ ìlọta, ó sì ra àlùbọ́sà àti iyọ̀ 200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.400. Ó dín àkàrà 170, ó sì ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 25 fáráǹkì. Bí ó bá ta gbogbo rẹ̀, yóò rí 4.250, èrè rẹ̀ yóò sì jẹ́ 850. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé àti àlejò jẹ 20 nínú rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì gba 6 ní àwìn. 144 ni ó kù tí ó rí owó rẹ̀ gbà, owó náà sì jẹ́ 3.600. Èrè 850 ti di 200.

Èmi kò sọ pé kí ìyá má ṣe fún ọmọ rẹ̀ ní àkàrà. Ó sàn kí ọmọ jẹ ẹ̀wà tí ń mú ara dàgbà ju kí ó lọ ra bìsíkíìtì inú ọ̀rá tí ó jẹ́ ìyẹ̀fun àlìkámà àti ṣúgà. Ṣùgbọ́n kí ó kọ àkàrà 20 yẹn sílẹ̀ pé ilé ni ó jẹ ẹ́, kí ó sì kọ orúkọ àwọn tí ó gba àwìn. (Doko tí gbogbo wa fẹ́ràn, ìyẹ̀fun àlìkámà náà ni. Àwọn Fọ̀n kò ṣàdédé pè é ní yovo doko, ìyẹn ni doko òyìnbó.)

Kúlíkúlí ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí pé ọjà méjì ni ó ń jáde láti inú ẹ̀pà kan ṣoṣo. A ó yan ẹ̀pà, a ó bó o, a ó fẹ́ ẹ, a ó sì lọ̀ ọ́. A ó máa fi omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀ pò ó títí òróró yóò fi yọ. A ó gbọn òróró náà sọ́tọ̀, a ó fi ọwọ́ yí èyí tí ó kù tín-ín-rín, a ó sì dín in nínú òróró ara rẹ̀. Ti Agonlin ni ó lókìkí jù ní orílẹ̀-èdè wa. Òróró tí ó bá ṣẹ́kù di títà.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fojú fò dá. Ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa máa ń bu, èbu náà sì ní májèlé tí èdè Faransé ń pè ní aflatoxine. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó pa tòlótòló tí ó lé ní 100.000 tí wọ́n fi ẹ̀pà bọ́. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn náà jẹ́, iná àti òróró gbígbóná kò sì lè pa gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn kan máa ń ṣa ẹ̀pà tí ó dára fún títà, wọ́n á sì fi èyí tí ó hun jọ tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà ṣe kúlíkúlí. Ìwà yìí kò dára rárá. Dídà ni kí a dà á nù.

Gàrí kò nílò àlàyé púpọ̀: omi tútù, ṣúgà, ẹ̀pà. Ti Savalou tí wọ́n ń pè ní sohoui ni mo ń wá kiri, nítorí pé ó kúnná, ó gbẹ, ó sì kan. Wàrà ní tirẹ̀ wá láti ọwọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Omi ara igi bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú kí wàrà dì, èèpo ọkà bàbà sì ni ó ń fún un ní àwọ̀ pupa. Bí a bá dín in, ẹran kò ní tètè wá sí ọkàn ẹni.

Ó ku kajú. Brésil ni igi náà ti wá, ṣùgbọ́n ó ti di tiwa ní ẹkùn àwọn òkè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Íńdíà àti Vietnam ni a ń kó kóró rẹ̀ tútù lọ, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń rí owó iṣẹ́ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Benin ti fi òfin de kíkó kóró tí a kò tíì ṣe jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè. Kí ẹni tí ó bá ń yan án nílé lé àwọn ọmọdé jìnnà, nítorí pé òróró inú èèpo rẹ̀ ń bó awọ ara. Ní ti èso rẹ̀, ìdí igi ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń jẹrà, bẹ́ẹ̀ vitamin C inú rẹ̀ ju ti ọsàn lọ. A lè fún omi rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó jábọ́ gan-an ni kí a fún un. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, ó ti ń kan.