Bí wọ́n ṣe jí kọ̀ǹpútà Amiga dìde nínú ṣípù kan ṣoṣo

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Commodore kógbá sílé lóṣù kẹrin ọdún 1994, kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn. Ilé-iṣẹ́ yìí ló ń ṣe Amiga, kọ̀ǹpútà inú ilé tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1985, tí àwọn èèyàn ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́ràn gidigidi nítorí àwòrán àti orin rẹ̀. Ṣípù mẹ́ta tí wọ́n dìídì ṣe fún un ló wà nídìí ẹwà náà: Agnus, Denise àti Paula. Kò sẹ́ni tó ń ṣe wọ́n mọ́. Bí ọ̀kan bá kú lónìí, àfi kí ẹni tó ni ín lọ tú òmíràn lára Amiga tó ti bàjẹ́. Jay Miner, aṣáájú àwọn tó ṣe ṣípù wọ̀nyí, pàápàá jáde láyé lóṣù kẹfà ọdún 1994 kan náà.

Iṣẹ́ àwọn ṣípù náà dà bí eré àwọn onílù dùndún. Agnus ni ìyáàlù. Òun ló ń sọ ìgbà tí oníkálukú lè mú nǹkan nínú ibi ìrántí kọ̀ǹpútà. Denise ń ya àwòrán sójú tẹlifíṣọ̀n, Paula ń kọrin, ó sì tún ń ka díìsìkì. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe é. Àwọn kan ti kọ ètò tó ń sín Amiga jẹ lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ dà bí onílù kan ṣoṣo tó ń sáré lu ìlù mẹ́ta. Bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó, ẹ̀yìn ara wọn ni ohùn ń tò.

Ibí ni ṣípù tí wọ́n ń pè ní FPGA ti wúlò. Ṣípù lásán dà bí ìkòkò tó ti jáde nínú iná amọ̀kòkò. Bí wọ́n ṣe mọ ọ́n náà ni yóò ṣe wà. FPGA ní tirẹ̀ dà bí amọ̀ tútù. Ègé kéékèèké tí kò tíì níṣẹ́ kankan ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó rà á ni yóò kọ bí wọn yóò ṣe so pọ̀ sílẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò tún un pò. Ilé-iṣẹ́ Xilinx gbé irú rẹ̀ dé ọjà lọ́dún 1985, ọdún tí Amiga dé, ṣùgbọ́n ègé 64 péré ló wà nínú tìgbà náà.

Àwọn olólùfẹ́ Amiga ti ń jiyàn lórí bóyá FPGA lè gba ṣípù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní nǹkan bí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, Dennis van Weeren, onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti fi ìdáhùn hàn. Commodore ti tẹ ìwé kan jáde láyé ìjọ́sí tó sọ ohun tí ṣípù kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Kò sọ bí inú wọn ṣe rí. Ìyẹn ni van Weeren ní láti rò fúnra rẹ̀, kó sì kọ ọ́ ní èdè Verilog. Ohun tí kò gbọ̀dọ̀ yẹ̀ níbẹ̀ ni àkókò. Àwọn tó ṣe géèmù Amiga gbẹ́kẹ̀ lé ìṣísẹ̀ àwọn ṣípù yìí débi pé, bí Agnus bá pẹ́ díẹ̀, àwòrán lè dàrú tàbí kí géèmù dákú.

FPGA Spartan-3 kan ṣoṣo ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà nìkan ni kò kọ; ó ra ọ̀kan lára ìdílé Motorola 68000, ó sì fi káàdì kékeré rọ́pò díìsìkì. Pátákó Minimig, orúkọ tó sọ ọ́, kò ju sẹ̀ǹtímítà 12 níbùú àti lóròó lọ.

Lọ́jọ́ 25 oṣù keje ọdún 2007, ó kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL. Ní tòótọ́, ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju pátákó náà lọ. Spartan-3 pàápàá ti di ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kò gbó. Wọ́n ti gbé e sínú ṣípù mìíràn, àwọn ẹlòmíràn ti fi tiwọn kún un, ọpọlọ náà sì ti wọ inú FPGA. Ètò MiSTer, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017, ṣì ń lo Minimig fún Amiga.

Ohun tí van Weeren kò lè há fáwọn èèyàn ni Kickstart, ètò tó máa ń jí Amiga nígbà tí wọ́n bá tan iná sí i. Ó ní ẹni tó ni ín, òfin sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ojúlówó rẹ̀ ní láti rà á.