Títí Kẹ́hìndé Yóò Fi Ké: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tí Ń Retí Ìbejì

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ń bẹ ní Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ ìbejì ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí ìran tí ń bí ẹ̀jìrẹ́ tó tiwa ṣọ̀wọ́n láyé. Nígbà tí Dókítà Nylander ṣe ìwádìí ní Igbó-Ọrà láàárín ọdún 1960 sí 1970, ó rí i pé nínú ìbímọ 1,000, bí 45 ni ó jẹ́ ìbejì. Láàárín àwọn òyìnbó nígbà náà, nǹkan bí 12 ni. Ẹ̀bùn ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí ó gba ìṣọ́ra ni.

Bí ọmọ ti dùbúlẹ̀ nínú ni ó ń sọ bí yóò ṣe jáde. Nínú ìbejì 10, bí 4 ni àwọn méjèèjì dorí kodò. Bí 4 mìíràn, Táíwò nìkan ni ó dorí kodò. Kẹ́hìndé lè fi ìdí sísàlẹ̀, ó lè fi ẹsẹ̀ ṣíwájú bí Ìgè, ó sì lè dábùú. Nínú ìyókù, Táíwò fúnra rẹ̀ ni kò dorí kodò.

Ọmọ tí ó bá dábùú kò lè jáde, bí ó ti wù kí ìyá rẹ̀ rọbí tó. Bí ó bá jẹ́ Táíwò ni, iṣẹ́ abẹ nìkan ni ọ̀nà. Bí Táíwò bá sì fi ìdí ṣíwájú nígbà tí Kẹ́hìndé dorí kodò, àgbọ̀n àwọn méjèèjì lè kọ́ ara wọn. Àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè mọ ohun tí èyí jọ: ọkọ̀ méjì lórí irin kan ṣoṣo. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń pa ọmọ.

Bí Táíwò bá ti ké, ayọ̀ a gba ilé kan. Ẹ dákẹ́ ná. Àyè ti ṣí sílẹ̀ nínú ilé ọmọ. Kẹ́hìndé lè yí pa dà kí ó dábùú, ìwọ́ rẹ̀ sì lè ṣíwájú rẹ̀ jáde. Agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́ yóò fọwọ́ kan ikùn lójú ẹsẹ̀ láti mọ ibi tí orí wà. Ó lè yí ọmọ náà, dókítà lè fi ẹsẹ̀ fà á jáde, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kì í mọ̀ títí ọwọ́ ọmọ yóò fi yọ. Bí ọwọ́ bá yọ, ẹ má fà á. Ẹ má tẹ ikùn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní abẹ́rẹ́ ìrọbí nílé: ilé ọmọ lè fà ya. Ìyá tí kò bá kú lè máa jò ìtọ̀ láìlè dá a dúró, bí kò ṣe pé a tún iṣẹ́ abẹ ṣe fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, ẹ jẹ́ kí ìyàwó tètè gba káàdì ní ọsibítù, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbejì, ní oṣù kẹjọ ẹ bèèrè bí Táíwò ti dùbúlẹ̀. Àwọn kan a máa rán ìyàwó lọ sílé, sí Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ìyá ọkọ lè gbọ́mọ. Àṣà rere ni, ṣùgbọ́n ìbejì sábà ń dé kí oṣù tó pé, ojú ọ̀nà kò sì ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí yóò bá lọ, kí ó tètè lọ; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ìyá wá bá a níbí. Ọkọ tí iṣẹ́ ń gbé kiri, kí ó fi owó ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó sì sọ níṣojú aládùúgbò pé kí ìyàwó fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má dúró de òun. Kí a wá ẹni méjì tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jókòó sílé mọ́.

Ẹni tí a fi abẹ gba ọmọ rẹ̀, ìyá ọmọ ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn Táíwò, kí a sì gbọ́ ohùn Kẹ́hìndé. Àmín.