Kọ́kọ́rọ́ Yí, Mọ́tò Ò Dáhùn! Bí Ìyá Ẹlẹ́ja Àjáh Ṣe Ra Bátìrì, Tó Ra Sítátà, Tí Àìsàn Ò Kúrò Lára Bọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé, “Kí ló kàn mí níbẹ̀? Èmi ò kúkú ní mọ́tò.” Ẹni tí kò ní mọ́tò ń wọ̀ ọ́, ẹni tí kò wọ̀ ọ́ ń kó ẹrù sí i. Bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò sítáàtì, ẹja ta ni yóò rà? Tòmátì ta ni yóò di omi?

Ìyá kan wà nínú ọjà Àjáh tó ń ta ẹja tútù. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ní kí n má dárúkọ òun. Owó àjọ tó kó ni ó fi ra bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ kan, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí, tí gbogbo wa mọ̀ sí danfó. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń wà á. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń ra ẹja. Wọn a kúrò ní Àjáh kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a gba Sangótẹ̀dó kọjá, wọn a sì dé ọjà ẹja Olúwo kí oòrùn tó mú.

Àràbà ńlá ibẹ̀ nìyí: láàárọ̀ ní Àjáh, bọ́ọ̀sì yìí á jí bí ẹni tó sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá dé Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ra ẹja tán, tí wọ́n da yìnyín lé e lórí, tí dẹ́rẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́, “kẹ́!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn á gbọ́. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Wọn á bẹ àwọn alábàárù pé kí wọ́n bá wọn tì í. Bí wọ́n bá tì í, á jí. Bí wọ́n bá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Abraham Adésànyà, tó bá ṣèèṣì kú, ó tún di títì. Gbogbo èèyàn á máa fọn fèrè, wọn á máa bú ìyá onìyáà.

BÁTÌRÌ TUNTUN, ÀÌSÀN ÀTIJỌ́

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní bátìrì ni. Ìyá ra bátìrì tuntun. Ọjọ́ méjì péré ló fi dára, ọjọ́ kẹta ó tún kọ̀. Mẹkáníìkì kejì fi sípánà gbá sítátà, ó ní, “Sítátà ti kú.” Ìyá yá owó, ó ra sítátà tókùnbọ̀ láti Ládípọ̀. Ẹ gbọ́ o, ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹja agbọ̀n méjì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí pé bọ́ọ̀sì kò jí títí oòrùn fi kan àtàrí. Làwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ ayé ni, pé ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹ́ja ló ń di kọ́kọ́rọ́ náà. Ìyá ti ń wá ibi tí wọn yóò ti bá a wò ó kí ó tó bá ọ̀gá rewáyà kan pàdé ní ẹ̀gbẹ́ afárá Jubilee, afárá tí wọ́n ṣí ní Àjáh lọ́dún 2017.

Ojú mi ló ṣe. Ọ̀gá rewáyà kò mú sípánà. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi wọ́n.

“Màmá, ẹ má bínú, bó bá kọ̀ yẹn, ṣé iná iwájú rẹ̀ máa ń tàn dáadáa?”

“Ó ń tàn rekete, ọmọ mi.”

“Tí ẹ bá tì í ńkọ́?”

“Á jí lójú ẹsẹ̀.”

“Tó bá tutù?”

“Kò ní wàhálà kankan. Ìgbà tó bá gbóná ló ń ya wèrè.”

Ọ̀gá rewáyà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, kì í ṣe ayé. Bátìrì yín yó. Ẹ́ńjìnnì yín sàn. Iná ló ń sọnù lójú ọ̀nà.”

Ó mú mítà rẹ̀ jáde. Ó fi kan orí bátìrì: fóòtì 12.5. Ó ní kí dẹ́rẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́, ó sì fi mítà kan wáyà tó wọ solenoid, ìyẹn ìkòkò kékeré tó wà lórí sítátà. Iná tó dé ibẹ̀ kò tó fóòtì 8!

IBI TÍ INÁ TI Ń SỌNÙ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe yé mi. Ohun méjì ló wà nídìí kọ́kọ́rọ́. Èkíní ni ihò tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí eyín kọ́kọ́rọ́ ń tò bó ṣe yẹ kí ó tó lè yí. Èkejì ni súìṣì iná tó wà lẹ́yìn ihò yìí. Òun ló ń pín iná: ibì kan fún rédíò, ibì kan fún ẹ́ńjìnnì, ibi tó kẹ́yìn fún sítátà. Bí ẹ bá yí i dé ibi sítátà, ojú irin méjì á fẹnu kan ara wọn kí iná lè kọjá. Bí ojú irin yẹn bá ti jó, tàbí tó ti jẹ, ìwọ̀nba iná ni yóò kọjá.

Nínú bọ́ọ̀sì Volkswagen yìí, iwájú ni bátìrì àti kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ̀yìn pátápátá ni sítátà wà. Wáyà tó gùn gbọ̀ọ̀rọ̀ ni iná ń tọ̀. Súìṣì ti gbó, wáyà ti gbó, ẹ́ńjìnnì wá gbóná lé e. Bí wáyà solenoid bá gbóná, agbára tó ń fẹ́ kí ó tó fà á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iná tó ń bọ̀ ti rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń jí láàárọ̀ tí kì í jí lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá tì í, ó ń jí nítorí pé iná ẹ́ńjìnnì gba ojú irin mìíràn kọjá, kò gba ti sítátà.

Ọ̀gá rewáyà pààrọ̀ súìṣì ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́, ó sì fi rílè kan sí i, tó ń gba iná tààrà láti bátìrì, pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀. Báyìí, kọ́kọ́rọ́ ń pàṣẹ ni, rílè ló ń ru ẹrù. Owó súìṣì àti rílè kò tó ìdá mẹ́rin owó sítátà. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, “Háà! Owó mi!” Ojú mi pọ́n fún un.

Ẹ FETÍ SÍ OHUN TÍ MỌ́TÒ Ń SỌ

Mo bẹ ọ̀gá rewáyà kí ó sọ àwọn àmì tí ẹnikẹ́ni lè dá mọ̀ kí ó tó náwó. Ohun tó kọ́ mi rè é:

Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá yí rárá, ẹ má fi agbára ṣe é, yóò ṣẹ́ sínú. Ẹ mi sítíárìn sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i, nítorí ó lè jẹ́ pé sítíárìn ló há. Bó bá jẹ́ ọ̀tòmátíìkì, ẹ rí i pé jíà wà ní P. Ẹ gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ kejì tí ẹ kì í lò. Èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ lè ti jẹ. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú ihò kọ́kọ́rọ́, iyanrìn Lẹ́kì á lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù ni kí ẹ fi pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ máa tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ máa fà á yọ.

Bó bá ń ké “kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́,” tí iná iwájú ń ṣú, bátìrì lebi ń pa, tàbí kí orí rẹ̀ dọ̀tí. Bátìrì tó yó máa ń tó fóòtì 12.6 nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn òkun ọ̀dọ̀ wa níbí ní iyọ̀, ó máa ń jẹ orí bátìrì àti wáyà áàtì, àgàgà lẹ́yìn tí omi òjò bá ti wọ mọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ ha wọ́n mọ́ ná.

Bí iná bá tàn rekete tí sítátà kò dún, ẹ fura sí súìṣì, rílè àti wáyà. Tó bá jẹ́ ọ̀tòmátíìkì, ẹ gbé jíà sí N kí ẹ tún un dán wò.

Bó bá jí, tó sì kú gẹ́lẹ́ tí ẹ jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, ojú irin ẹ́ńjìnnì nínú súìṣì lè ti jẹ. Nínú tókùnbọ̀ tuntun díẹ̀, ó lè jẹ́ pé mọ́tò kò dá ẹ̀rọ tó wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ mọ̀.

Bí sítátà bá ń ké lọ láìdákẹ́ lẹ́yìn tí mọ́tò ti jí, ẹ pa á, kí ẹ sáré yọ orí bátìrì kí ó tó jóná.

KÌ Í ṢE ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́ NÌKAN

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tálákà ni. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2014, ilé iṣẹ́ General Motors ní kí wọ́n dá mọ́tò bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lé díẹ̀ padà nítorí súìṣì kọ́kọ́rọ́ tí kò dúró ṣinṣin. Bí ìdì kọ́kọ́rọ́ bá wúwo, tàbí tí mọ́tò bá já sí kòtò, súìṣì á yí padà fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú lórí eré, báàgì atẹ́gùn tó yẹ kó gba ẹ̀mí là kò ní ṣí. Ikú èèyàn 124 ni wọ́n san owó ìtanràn lé lórí fún àwọn ẹbí. Lọ́dún 2015, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 900 dọ́là fún ìjọba wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń so kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ti ilé, ti àpótí owó mọ́ ti mọ́tò, ẹ tú u. Bí mọ́tò bá kú lórí eré, ẹ má fa kọ́kọ́rọ́ yọ o, sítíárìn lè há. Ẹ di sítíárìn mú gírígírí, yóò wúwo. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì dì í mú, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Kí ẹ rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń fa wáyà jáde lábẹ́ sítíárìn, tí wọ́n ń so ó pọ̀ ní “dáírẹ́ẹ̀tì,” ẹ̀yin náà ẹ dẹ́kun. Wáyà ìhòòhò ló ń dá iná sínú mọ́tò tí èrò kún. Olè náà kò sì nílò kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń kọ èyí, mo yà lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja. Ẹja ń ta pòò níwájú rẹ̀. Mo ní, “Màmá, bọ́ọ̀sì ńkọ́?” Ó ní, “Ó ń jí o, ọmọ mi. Gbèsè sítátà ló kù tí mò ń san.” Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó ra nǹkan, ẹ bi ẹni tó ń tún un ṣe pé, “Kí lo fi yẹ̀ ẹ́ wò?” Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ mú owó yín padà sínú ìró.

Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó kọ̀wé sí wa. Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ wa kò ní kú lójú ọ̀nà o.