Owó Gọbọi Nítorí Ẹ̀fọ́ Orí Ààtàn!

Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí ìyá àgbà kan fẹ́ se ọbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló máa kọ́kọ́ yà sí. Orí ààtàn tí wọ́n ti ń da èèpo iṣu, eérú àti ìgbẹ́ adìẹ sí láti ọjọ́ pípẹ́ ni tẹ̀tẹ̀ ti yọ, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ewúro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ata wẹ́wẹ́ wà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìẹ ìbílẹ̀ sì ń jẹ̀ kiri. Ìyá á já ewé, á ká ata, á padà sídìí ààrò. Ta ló san kọ́bọ̀ rí láti wá wo ìyẹn? Kò sí. Ọmọ tirẹ̀ gan-an tó bá ti Èkó dé fún ọdún, imú ló máa ń dì kọjá lẹ́bàá ààtàn yẹn.

Ẹ wá gbọ́ o. Ohun tí ọmọ Èkó ń tìtorí ẹ̀ dimú yẹn, àwọn olówó ayé ń wọ bàálù lọ síbi tí wọ́n ti máa rí i.

Ní orílẹ̀-èdè South Africa, nítòsí Cape Town, oko àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Babylonstoren. Láti 1692 ni wọ́n ti ń dáko níbẹ̀. Ní 2010, wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì sínú oko náà, òtẹ́ẹ̀lì àwọn jàǹkànjàǹkàn. Ọgbà ńlá kan wà níbẹ̀ tí ohun jíjẹ àti ewé egbòogi tó wà nínú ẹ̀ lé ní 300 oríṣi. Àlejò tó bá wù lè wọnú ọgbà, kó fọwọ́ ara ẹ̀ já ewé tó fẹ́ jẹ. Ilé tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún wọn, àwọn màlúù ló ń sùn níbẹ̀ láyé àtijọ́! Ṣé ẹ mọ ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 pé òun ni owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́? Kò lè gba yàrá kan níbẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí ni wọ́n wá ń rà gan-an? Ibùsùn tó rọ̀ àti omi gbígbóná wà ní gbogbo òtẹ́ẹ̀lì ńlá, kò sẹ́ni tó máa tìtorí ìyẹn rin ìrìn àjò tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Olówó ti jẹun káàkiri títí, kò mọ ẹni tó gbin ohun tó ń jẹ, kò mọ ohun tí wọ́n fọ́n sí i lára, ọkàn ẹ̀ ò wá balẹ̀ mọ́. Nígbà tó bá rí ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ ti hù, tó rí ọwọ́ ẹni tó já a, ara ẹ̀ á rọ̀, á sì sanwó. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń rà. Ewé ni wọ́n kàn fi bò ó.

ÀJÀṢẸ́ KÒ JÌNNÀ

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan lèyí, kó gba Ìdí-Ìròkò tàbí Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin, kó béèrè ọ̀nà Àjàṣẹ́, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, kò ní sọnù. Tó bá ti dé àdúgbò Ouando, kó ní Songhai lòun ń lọ.

Songhai kì í ṣe ilé fàájì bíi ti Cape Town, owó yàrá ẹ̀ kò sì sún mọ́ tọ̀hún rárá. Oko ni, ilé ẹ̀kọ́ ni, ilé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ní yàrá tí àlejò ń sùn sí, ó ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń se ohun tí oko náà mú jáde, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìyókù.

Àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Nàìjíríà kan, Fadá Godfrey Nzamujo, ti ẹgbẹ́ Dominican, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Ọ̀mọ̀wé ni. Ní California, Amẹ́ríkà, ló ti ń kọ́ni ní yunifásítì nígbà tí ìyàn ńlá mú ní apá kan Áfíríkà, tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé àwòrán àwọn ọmọdé tó ti rù kan egungun jáde lálaalẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó gbádùn. Ó kẹ́rù, ó kọrí sílé. Ìjọba Mathieu Kérékou ní Benin ló fún un ní ilẹ̀ hẹ́kítà kan péré, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọ́n ti fi ìwé sílẹ̀ jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó mú orúkọ Songhai láti ara ilẹ̀ ọba ńlá kan tó ti wà lẹ́bàá odò Ọya kí òyìnbó tó dé, kí àwọn ọmọ yẹn lè mọ̀ pé ẹni dúdú ti ṣe ohun ńlá rí. Nígbà tó fi máa di 1993, àjọ The Hunger Project ti fún un ní ẹ̀bùn Africa Prize. Ẹ̀ka Songhai wà ní Parakou, Savalou àti Kinwédji, wọ́n sì ti mú àpẹẹrẹ ẹ̀ wọ Nàìjíríà, bíi ti Amukpe ní ìpínlẹ̀ Delta.

ÌDIN TÓ DI OWÓ

Ohun tó yẹ kí ìyá ọlọ́jà tẹjú mọ́ níbẹ̀ ni pé wọn kì í da nǹkan nù. Wọ́n ń sin adìẹ, pẹ́pẹ́yẹ, àparò, ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀yà. Ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ara àwọn ẹran yìí, ibì kan ni wọ́n ń kó o sí kí eṣinṣin lè yé ẹyin sí i, kí ìdin lè yọ. Ẹ má tíì tutọ́ o! Ìdin yẹn ni wọ́n ń kó fún ẹja àti adìẹ jẹ. Ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni tó ń sin ẹja àrọ̀ nílẹ̀ wa, á sọ fún yín pé owó oúnjẹ ẹja ló ń jẹ èrè òun. Àwọn ti Àjàṣẹ́ sọ eṣinṣin di alágbàṣe tí kì í gbowó.

Omi ẹja tó ti dọ̀tí, orí ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń darí ẹ̀ sí, nítorí ajílẹ̀ ti wà nínú ẹ̀. Ewé ẹ̀fọ́ tí kò ṣeé tà á padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀yà. Koríko orí omi tó máa ń dínà mọ́ ọlọ́kọ̀ lórí ọ̀sà, wọ́n ń fà á jáde, wọ́n ń rọ́ ọ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ẹran sínú kòtò tí wọ́n dé pa. Ibẹ̀ ló ti ń jẹrà, tó ń mú gáàsì jáde, gáàsì náà ni wọ́n sì fi ń dáná. Ohun tó bá kù nísàlẹ̀ kòtò, wọ́n á kó o lọ sí oko. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé ìyá wa náà ni, wọ́n kàn fi ìwé àti ọgbọ́n tò ó ni.

Kí wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan àwọn. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oko àti èyí tí wọ́n fi ń sọ irè oko di ohun títà. Tí nǹkan bá bàjẹ́, kò dìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ sílùú òyìnbó.

Àlejò tó bá sùn síbẹ̀ mọ́jú, kó tó jẹun àárọ̀, ó lè ti rìn kọjá lára adìẹ tó yé ẹyin tó máa bá nínú àwo. Ẹ sì wo nǹkan o: ọ̀nà Kútọnu kan náà tí tọ́kì dídì ń gbà wọ Nàìjíríà lóru, láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin dè é ní 2003, ló gba ẹ̀gbẹ́ Àjàṣẹ́ kọjá. Tọ́kì tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ tí wọ́n pa á la mọ ọ̀nà ẹ̀ jù.

Ẹ̀RÌN ŃKỌ́?

Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò ṣàìmọ àlejò. Ulli Beier, òyìnbó tó fẹ́ràn àṣà Yorùbá, gbé ní Ìlobùú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ rí, kó tó lọ fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Àwọn ọmọ Àyàn Ẹ̀rìn, bíi Làmídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun, ti lu dùndún dé Jámánì, àwọn òyìnbó náà sì ti wá kọ́ ìlù ní Ẹ̀rìn. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, èrò ń rọ́ wá sí ọdún Ọ̀ṣun, pàápàá láti ìgbà tí UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ohun ìní àgbáyé ní 2005. Òṣogbo ni wọ́n ń sùn sí, níbi tó rọrùn kí wọ́n fi òkú èkó inú fìríìjì ṣe àlejò fún wọn, nígbà tí adìẹ ìbílẹ̀ ń jẹ̀ kiri ní Ẹ̀rìn.

Ààtàn nìkan ò lè di òtẹ́ẹ̀lì ṣá. Àlejò máa béèrè ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́, á béèrè omi, á béèrè iná. Á sì béèrè àlàáfíà. Ní 2025, ìjà ilẹ̀ láàárín Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn le débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kéde kónílé-ó-gbélé. Hẹ́kítà kan ni Nzamujo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n hẹ́kítà tí kò sẹ́ni tó ń bá a dù ú ni. Ta ló máa gbẹ́ kòtò ẹja sórí ilẹ̀ tó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè gbà lọ́wọ́ òun lọ́la?

Èyí tó tún wà níbẹ̀, ọwọ́ àwa fúnra wa ló wà: ọ̀tápiápiá. Ní oṣù Kẹfà 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, nítorí wọ́n bá dichlorvos, tí í ṣe oró inú ọ̀tápiápiá, lára ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n sún òfin náà síwájú lẹ́yìn ìyẹn. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré 100ml ẹ̀ lọ́jà mọ́. Wọ́n tún fòfin de paraquat, kẹ́míkà tí àgbẹ̀ fi ń pa koríko, láti oṣù Kìíní 2024.

Ká sọ tòótọ́, ìyá tó ń fọ́n nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe ìkà. Àwọn ọmọ tó yẹ kó roko ti lọ sí Èkó, alágbàṣe ti wọ́n, kòkòrò ò sì ní dúró kó máa wo ẹ̀wà tí wọ́n fi owó ẹ̀yáwó rà. Ẹni tó ní kó má lo oògùn, kó sọ ohun tó máa lò fún un. Ó ń bẹ: àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS wà, inú méjì jẹ́ ọ̀rá tó nípọn, ìta jẹ́ àpò lásán. Kí ẹ̀wà gbẹ dáadáa, kí wọ́n dè é ní ìpele kọ̀ọ̀kan títí afẹ́fẹ́ ò fi ní wọlé. Kòkòrò inú ẹ̀ ò ní rí èémí, á kú, kò ní sí oró kankan lára ẹ̀wà.

Oníbàárà máa ń béèrè lọ́jà Òṣogbo pé, “Ìyá, níbo lẹ ti rí ẹ̀fọ́ yìí?” Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni, “Ẹ rà á jàre, ẹ̀fọ́ gidi ni.” Ẹ wo obìnrin Ẹ̀rìn tó lè dá a lóhùn pé, “Ẹ̀yìnkùlé mi ni. Ìgbẹ́ adìẹ ni mo fi gbìn ín. Ẹ bọ́ sí mọ́tò, ẹ wá wò ó.” Oníbàárà bẹ́ẹ̀ ò tún ní ná an mọ́.