Motocross: Bí eré alùpùpù ṣe di iṣẹ́ iyì nílẹ̀ òkèèrè, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Kétu àti Mile 12

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ní Kétu, Mile 12 àti Ìkòsì, tí gbogbo wọn wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, orúkọ tí ẹni tó ń gun alùpùpù ní kò dára rárá. Bí ìyá kan bá gbọ́ pé ọmọ òun ti ń fi alùpùpù sáré, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni ẹsẹ̀ tó kán, àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí ilé ìwòsàn àwọn eléegun tó wà ní Ìgbóbì.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú ń rí láwọn orílẹ̀-èdè kan. Níbẹ̀, ọ̀dọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi alùpùpù sáré nínú ẹrẹ̀ lè máa gba owó gidi, kí ilé iṣẹ́ ńláńlá kọ orúkọ wọn sí i láṣọ, kí àwọn òbí rẹ̀ sì jókòó láàárín èrò, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún un. Motocross ni wọ́n ń pe eré náà. Irin kan náà ni àwọn méjèèjì ń gùn, epo kan náà ni wọ́n ń rà sí i. Òfin àti ètò ló fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn.

Ibi tí eré náà ti ṣẹ̀ wá

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá motocross sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1924, wọ́n ṣe ìdíje kan ní Camberley, ní agbègbè Surrey. Wọ́n gun òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n la inú ẹrẹ̀ kọjá, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé òpin ló gbégbá orókè. Nígbà tó yá, àwọn ará ilẹ̀ Faransé náà gbà á, orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́dún 1947 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí orílẹ̀-èdè kan ti ń figagbága pẹ̀lú èkejì. Nígbà tó di ọdún 1957, FIM, ẹgbẹ́ tó ń rí sí eré alùpùpù lágbàáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1904, sọ ọ́ di ìdíje fún ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ilẹ̀ Belgium sọ ọ́ di tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn, Stefan Everts, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nígbà 10 kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2006.

Síbẹ̀, inú igbó àti orí òkè ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tó bá fẹ́ wò ó ní láti rìnrìn àjò. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá ọgbọ́n sí ìyẹn. Nínú oṣù keje, ọdún 1972, wọ́n fi ọkọ̀ kó yẹ̀pẹ̀ wọ inú pápá ìṣeré ńlá Coliseum tó wà ní ìlú Los Angeles, wọ́n mọ òkìtì síbẹ̀, wọ́n sì gbé eré náà wá bá àwọn ará ìlú lẹ́sẹ̀ ilé wọn. Ọmọ ọdún 16 kan, Marty Tripes, ló borí lọ́jọ́ náà. Láti ibẹ̀ ni supercross ti jáde, òun náà ló sì jẹ́ kí ẹni tí kò gun alùpùpù rí mọ orúkọ àwọn tó ń gùn ún.

Òfin ló sọ ọ́ di iṣẹ́

Ẹni tó bá wo motocross láti òkèèrè lè rò pé eré wèrè ni. Ká ní ó sún mọ́ ọn ni, ìbá rí i pé kò sí ohun tí wọn kò fi òfin dè níbẹ̀. Nínú ìdíje àgbáyé, àwọn tó ń díje, tí wọ́n lè tó 40, á tò sẹ́yìn géètì onírin kan. Bí géètì náà bá ti wó lulẹ̀, gbogbo wọn á jọ gbéra. Wọ́n á sáré fún ìṣẹ́jú 30, wọ́n á sì tún yí pápá náà po lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ lóòjọ́, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní á sì gba máàkì 25 nígbà kọ̀ọ̀kan.

Àsíá ni wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ju àsíá aláwọ̀ ìyeyè, ewu ń bẹ níwájú nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pupa, eré ti dúró. Bí wọ́n bá na dúdú sí ẹnì kan, wọ́n ti lé e kúrò nínú ìdíje nìyẹn, kò sì sí àríyànjiyàn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n á ti yẹ alùpùpù kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n á tẹ́tí sí ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó má bàa pọ̀ jù. Àwọn dókítà á ti wà nílẹ̀. Àṣíborí, awò ojú, ìgbàyà líle àti bàtà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún ni wọ́n ń wọ̀. Alùpùpù náà kò ní iná, kò sì ní nọ́ńbà, nítorí pé wọn kò ṣe é fún títì.

Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, eegun ṣì ń kán, àwọn kan sì ti bá a lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé eré náà kò léwu. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ọgbà yí ewu náà ká, kò fi kan aláìṣẹ̀ tó ń lọ sọ́jà.

Àwọn èèyàn dúdú àti Áfíríkà náà wà níbẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé eré òyìnbó ni. Lọ́dún 2002, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan, James Stewart, ọmọ ìpínlẹ̀ Florida, gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè náà. Lọ́dún 2008, eré 24 ni wọ́n sá nínú ìdíje motocross ìta gbangba ti Amẹ́ríkà, gbogbo 24 ni Stewart sì borí.

Nílẹ̀ Áfíríkà, Greg Albertyn láti South Africa gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 1992, 1993 àti 1994. Ní Zimbabwe, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tanya Muzinda bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 5. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ yọ, ó fi nínú owó tó rí san owó ilé ìwé fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lágbára ní Harare. Uganda, Kenya, Zambia àti Botswana náà ń kó ọmọ wọn lọ sí ìdíje motocross ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Orúkọ Nàìjíríà kò hàn láàárín àwọn tó ti dántọ́ nínú eré yìí, bẹ́ẹ̀ alùpùpù kò wọ́n wa.

Ohun tó ba orúkọ jẹ́ ní Kòsọ́fẹ́

Orúkọ tí a ń pe alùpùpù akérò, orúkọ iyì ni nígbà kan. Ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí pé ó máa ń fò kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn fi ọ̀kadà wá oúnjẹ òòjọ́. Kò sí ilé ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n gbà kọjá. Ẹni tó kọ́ gígùn rẹ̀ láàárọ̀ lè gbé aboyún nírọ̀lẹ́.

Àwọn òǹkàwé wa á rántí oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sọ ọ́ di dandan pé kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ máa dé àṣíborí. Ní Kano, igbá làwọn kan dé sórí kí wọ́n lè tan ọlọ́pàá jẹ. Gbogbo ayé fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún 2012, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lu òfin tó lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475 ní Èkó.

Mile 12 ni ọ̀rọ̀ ti burú jù. Nínú oṣù kẹta, ọdún 2016, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀mí àti dúkìá sì bá a lọ. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ọ̀kadà kan tó gbá obìnrin kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ti ọjà Mile 12 pa fún ọjọ́ mélòó kan, ata àti tòmátò sì jẹrà mọ́ àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Nígbà tó wá di ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fòfin de ọ̀kadà ní Kòsọ́fẹ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta mìíràn. Bí inú àwọn kan ṣe dùn, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ bọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi í bọ́ ìyàwó àti ọmọ.

Ọ̀nà wo ló kù?

Ó yẹ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Motocross kò lè gba gbogbo àwọn tó pàdánù iṣẹ́ wọn. Alùpùpù eré náà tuntun, èyí tó tóbi, máa ń ju 9,000 dọ́là lọ ní Amẹ́ríkà. Pápá rẹ̀ ń fẹ́ ilẹ̀ tí èèyàn lè sáré lórí rẹ̀ fún bíi kìlómítà kan ààbọ̀, ilé sì ti kún Kétu fọ́fọ́. Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù lọ́nà Agílítì àti Àgbọ́yì, omi odò Ògùn máa ń ya wọ̀ ọ́ nígbà òjò. Ẹni tó bá fẹ́ pápá á ní láti fẹ́ ẹ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, tàbí kó wá ilẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó sọ motocross di iṣẹ́ iyì kò ná ni lówó púpọ̀. Ẹ̀kọ́ ṣáájú eré ni, àṣíborí tó jẹ́ ojúlówó, ẹgbẹ́ tó lè lé ọmọ rẹ̀ tó bá rúfin, àti ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún eré sísá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù kiri fún àwọn oníṣòwò lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lónìí. Bákan náà, àwọn tó ń bára wọn díje lóru lójú títì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwà ọ̀daràn ni wọ́n ń hù, kì í ṣe eré ìdárayá.

Kòsọ́fẹ́ ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ BRT láti Mile 12 sí CMS nínú oṣù kẹta, ọdún 2008, ọ̀pọ̀ ló sọ pé ará Èkó kò lè tò sórí ìlà. Wọ́n tò. Àwọn awakọ̀ wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n ní ọ̀nà tiwọn, ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo awakọ̀ èrò sì yí padà díẹ̀.

Bí ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta alùpùpù àti àwọn òbí bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ọgbà kékeré kan tí àwọn ọmọdé ti ń fi alùpùpù kékeré 50cc kọ́ṣẹ́ lójú olùkọ́ kì í ṣe ohun tó ju agbára Èkó lọ. Ọmọ tó bá kọ́ òfin kó tó kọ́ eré, bó bá tilẹ̀ dàgbà tí kò gba ife-ẹ̀yẹ kankan, kò ní gbá ìyá ẹnikẹ́ni lójú títì.