Kí Ni Ó Wà Nínú Búrẹ́dì Wa?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ẹ̀yin ìyá ilé, láyé àtijọ́, ìyàwó ilé mọ oko tí iṣu rẹ̀ ti wá, ó sì mọ ẹni tí ó wà á. Lónìí, ọ̀pọ̀ oúnjẹ ni ó ń gba ọwọ́ àjèjì mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá kí ó tó dé ẹnu ọmọ wa. Búrẹ́dì ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lóṣù yìí.

Bí ẹ bá dé Creek Road ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, láti ìhà èbúté Àpápá títí dé ìhà Ajégúnlẹ̀, ẹ kò ní í pẹ́ rí búrẹ́dì. Àwọn obìnrin a gbé e lérí, wọn a máa gba àárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kọjá. Àwọn awakọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ èbúté a sì máa fi ẹ̀wà jẹ ẹ́ kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Àpápá ni ọkọ̀ òkun ń já àlìkámà sí, ibẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ Flour Mills of Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ ní ọdún 1962.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tí mo ti ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Mo mú èyí tí ó wú jù lọ, tí ó fúyẹ́ bí òwú, nítorí pé òun ni àwọn ọmọ mi fẹ́ràn. Ìyá náà wò mí, ó ní: "Aǹtí tíṣà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan ń fi bromate sí búrẹ́dì. Ṣé ẹ lè fojú mọ èyí tí ó wà nínú rẹ̀?"

Mo wo búrẹ́dì náà, mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo ní: "Màmá, n kò lè mọ̀ ọ́n." Ó ya ìyá náà lẹ́nu. Mo ra búrẹ́dì méjì, ọ̀kan tí ó wú àti ọ̀kan tí kò wú tó bẹ́ẹ̀, mo sì ṣèlérí pé n óò padà wá fún un ní èsì.

KÍ NI BROMATE?

Ìyẹ̀fun funfun kan tí ó dà bí iyọ̀ ni potassium bromate. Bí a bá fi díẹ̀ sínú ìyẹ̀fun àlìkámà, yóò fún ìyẹ̀fun tí a pò náà ní okun, tí yóò fi lè di afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà ń mú jáde mú. Búrẹ́dì yóò wú, yóò ga, yóò sì rọ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ìdí nìyí tí àwọn aṣebúrẹ́dì fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí ààrò bá gbóná dáadáa, tí búrẹ́dì sì pẹ́ níbẹ̀ tó, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò yí padà di nǹkan mìíràn tí kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, tàbí bí a bá kánjú yọ búrẹ́dì kúrò lórí iná, bromate yóò ṣẹ́ kù sínú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1982, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Japan rí i pé àwọn eku tí wọ́n fún ní bromate ń ní jẹjẹrẹ kídìnrín. Ilẹ̀ Bìrìtìkó fi òfin dè é nínú búrẹ́dì ní ọdún 1990. Ní 1992, ìgbìmọ̀ àwọn amòye tí FAO àti WHO gbé kalẹ̀ sọ pé kò yẹ kí a máa fi í sínú ìyẹ̀fun mọ́. Ní 1999, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn nǹkan tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí: ara eku ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìdánwò? Nílẹ̀ wa níhìn-ín, NAFDAC ti fi òfin dè é, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà láti 2001 títí di 2008, sì bá àwọn aṣebúrẹ́dì tí ń lò ó jà gidigidi.

ÀWỌ̀ TÍ Ń JẸ́RÌÍ

Mo gbé búrẹ́dì méjèèjì lọ sí yàrá àyẹ̀wò wa. Ọgbọ́n tí a ń lò kò le. A ó po potassium iodide mọ́ ásíìdì tí a ti fi omi là. Bí àpòpọ̀ yìí bá kan bromate, bromate yóò lé iodine jáde láti inú rẹ̀. Iodine yìí, bí ó bá pàdé sítáàṣì inú búrẹ́dì, yóò di àwọ̀ aró: búlúù tí ó fẹ́ dúdú. Bí kò bá sí bromate, kò sí aró.

Aláyẹ̀wò tí ó mọ iṣẹ́ kì í yẹ ohun kan ṣoṣo wò. Nítorí náà, mo kọ́kọ́ kán oògùn náà sí ìyẹ̀fun kan. Kò yí padà. Mo fi ìyẹ̀fun náà ṣe búrẹ́dì fúnra mi, kí ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí láàárín àwọn méjì yòókù. Mo rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú omi, mo sẹ́ wọn, mo kán oògùn sí wọn. Ti ọwọ́ mi kò yí padà. Èyí tí kò wú púpọ̀ kò yí padà. Èyí tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn di aró.

Ẹ̀yin ìyá, mo jókòó. Láti ọdún méjì ni mo ti ń fún wọn ní búrẹ́dì náà, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ oúnjẹ.

ẸLẸ́RÌÍ KAN KÒ TÓ

Síbẹ̀, aró yìí kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí pé àwọn nǹkan mìíràn wà, bíi potassium iodate, tí wọ́n lè mú irú àwọ̀ kan náà wá. Ilé àyẹ̀wò ńlá a máa lo ọgbọ́n tí à ń pè ní chromatography. Bí ẹ bá kán tàdáwà dúdú sórí bébà tí ń fa omi, tí ẹ sì ki etí bébà náà bọ omi, ẹ lè rí i tí dúdú náà ń pín: búlúù gba ọ̀nà tirẹ̀, pupa gba ọ̀nà tirẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀rọ ṣe ń ya àwọn ohun tí ó wà nínú oúnjẹ sọ́tọ̀, tí yóò sì wọn ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín kìlógíráàmù búrẹ́dì kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè rí bromate tí kò ju ìdá kan péré lọ.

Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú wọn ń fọ́ kí wọ́n tó kú. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú, àwọn mìíràn ní oògùn apako ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ni ó fi hàn pé methanol ni, èyí tí ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nígbà tí a bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, oúnjẹ ti dé inú. Ó sàn kí a yẹ oúnjẹ wò kí a tó jẹ ẹ́.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kì í ṣe pé kí a má jẹ búrẹ́dì mọ́. Ẹ ra èyí tí orúkọ àti àdírẹ́sì ilé tí ó ṣe é, nọ́ńbà NAFDAC, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà lára ọ̀rá rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní bromate, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ẹnu olójà ni; àyẹ̀wò kọ́. Bí ẹ bá fura, ẹ má ṣe ju ọ̀rá náà nù. Ẹ mú un pẹ̀lú búrẹ́dì lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC. Ẹ má ṣe dán àyẹ̀wò yìí wò nílé ìdáná, nítorí pé ásíìdì a máa jó ènìyàn. Aṣebúrẹ́dì tí ó bá fẹ́ ṣe é bí ó ti yẹ lè lo fítámì C, kí ó po ìyẹ̀fun rẹ̀ dáadáa, kí ó sì fún un ní àkókò láti wú.

Mo gbé ọ̀rá búrẹ́dì náà lọ fún àwọn tí ọ̀ràn kàn, mo sì padà sí Creek Road bí mo ti ṣèlérí. Ìyá náà gbọ́ mi tán, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: "Aǹtí tíṣà, èmi náà ti mú èyí tí kò wú wá rí. Ẹ̀yin oníbàárà ni ẹ kò rà á. Ẹ ní ó kéré."

N kò rí èsì kankan fọ̀ sí i. Òótọ́ ni: ojú wa tí ó fẹ́ràn búrẹ́dì ńlá wà lára ohun tí ó gbé bromate dé inú ààrò. Láti ọjọ́ náà, búrẹ́dì tí ó kéré ni mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ráhùn. Nígbà tí ó yá, ó mọ́ wọn lẹ́nu.