Èdè-Ìperí fún Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Àyíká ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, òjò kan rọ̀ sí ìlú Ìbàdàn tí odò Ògùnpa fi kún kọjá bèbè rẹ̀. Ilé wó, afárá já, ọjà bá omi lọ, ẹ̀mí ènìyàn sì ṣòfò lọ́pọ̀lọpọ̀. Omíyalé ni ará ìlú ń pe irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan náà, àwọn tí ó bá a lọ sì lé ní 100. Láàárín ìgbà méjèèjì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àyíká ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n sì ti yege nínú ìdánwò rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá délé tí bàbá rẹ̀ bi í pé kí ni ó fà á tí omi fi wọlé, ìdáhùn wà ní orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé ìdáhùn náà jáde kò sí ní ẹnu rẹ̀. Bàbá náà yóò máa da pàǹtí sínú odò lọ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni pé, nínú ìmọ̀ àyíká, ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe orúkọ lásán. Òun ni ó ń fi okùnfà ọ̀ràn hàn, òun náà ni ó sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni ó yẹ kí a wò kí a tó fún un ní ọ̀rọ̀-ìperí.

Ipò tí ẹ̀kọ́ náà wà

Nínú Báyọ́lọ́jì ni akẹ́kọ̀ọ́ girama ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń kọ́ bí àwọn ẹ̀dá ṣe ń bá ara wọn gbé. Ti ilẹ̀ àti ojú-ọjọ́ wà nínú Jọ́gíráfì àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ti gáàsì àti oró wà nínú Kẹ́mísìrì. Ohun kan tí ó sọ àyíká di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni ìṣẹ̀lẹ̀ Kókò. Ní ọdún 1988 ni àṣírí tú pé wọ́n ti kó pàǹtí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá pa mọ́ sí ìlú náà, ní ilẹ̀ àwọn Ìtsẹ́kírì tí èdè wọn bá Yorùbá tan. Ní òpin ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ láti dáàbò bo àyíká. Ní ọdún 1989 ni ìlànà orílẹ̀-èdè lórí àyíká sì jáde.

Ní ti èdè, iṣẹ́ tí a ti ṣe kò kéré. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ gbogbo, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ìwé méjèèjì dojú kọ. Ilẹ̀, omi, ewéko àti afẹ́fẹ́ kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Bí ìlànà náà ìbá tilẹ̀ dúró, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó dojú kọ jù. Nítorí náà, ọwọ́ olùkọ́ àti onímọ̀ èdè ni iṣẹ́ yìí kù sí.

Láti orí òjò dé orí omíyalé

Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kárí omi tí ó kún odò àti omi tí ó wọ yàrá. Yorùbá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bí a bá to àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ àti èyí tí a lè fi ìlànà èdè ṣẹ̀dá, wọn yóò rí báyìí:

Ìmumi ilẹ̀: bí omi òjò ṣe ń rì sínú ilẹ̀. Àgbẹ̀ gbogbo ni ó ń sọ pé ilẹ̀ mu omi. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni ó sọ àpólà ìṣe náà di ọ̀rọ̀-orúkọ.

Ọ̀gbàrá: omi òjò tí ilẹ̀ kò mu, tí ó ń ṣàn lórí ilẹ̀.

Ìwọ́lẹ̀lọ: bí ọ̀gbàrá ṣe ń wọ́ ilẹ̀ lọ. Àwọn kan ń pe èyí náà ní ọ̀gbàrá, ṣùgbọ́n ìyẹn da aṣeǹkan pọ̀ mọ́ ohun tí ó ṣe. Ẹni tí ó bá dá a lábàá pé kí a pè é ní ìgbálẹ̀lọ yóò rí i pé ìgbálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọmọ.

Ìfẹrẹ̀dí: bí ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá wọ́ àti pàǹtí tí ó gbé ṣe ń di ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò, tí odò kò fi jìn mọ́.

Àkúnya: bí odò ṣe ń kún tí ó ń ya kọjá bèbè.

Omíyalé: àkúnya tí ó dé ibi tí ènìyàn ń gbé. Gbólóhùn odindi, omi ya ilé, ni ó di ọ̀rọ̀-orúkọ yìí.

Ẹni tí ó bá ka àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ti ka ìtàn Ògùnpa tán. Òrùlé, kọnkéré àti ọ̀dà ojú títì dín ìmumi ilẹ̀ kù, ọ̀gbàrá sì pọ̀ sí i. Ibi tí a ti pa igbó bèbè odò run, ìwọ́lẹ̀lọ yá. Ibi tí a ń da pàǹtí sínú odò, ìfẹrẹ̀dí kò ní pẹ́. Nígbà tí òjò ńlá bá dé, odò kò ní àyè tí yóò fi gbà á. Ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn nìkan ni ará ìlú mọ̀ dáadáa, nítorí pé òun ni ó ń kan ilẹ̀kùn wọn. Márùn-ún ìṣáájú ni ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ní láti fi kún un, nítorí pé nínú wọn ni ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè dá dúró wà.

Ewéko inú férémù

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ àfọwọ́ṣe Báyọ́lọ́jì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ju férémù onígun mẹ́rin sórí pápá, kí ó sì ka irú ewéko tí ó bọ́ sínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí oko rí lè dá imí-eṣú, rínrín, gbẹ́gi, tẹ̀tẹ̀ àti patanmọ́ mọ̀ lójú kan náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò mọ orúkọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò kọ sínú ìwé rẹ̀ pé koríko márùn-ún ni òun rí. Bí ó ṣe pàdánù ìmọ̀ tí ó bá dé kíláàsì nìyẹn, olùkọ́ kò sì mọ̀ pé ó ní i.

Àwọn orúkọ ìbílẹ̀ wọ̀nyí ní àkíyèsí nínú. Patanmọ́ sọ bí ewé náà ṣe ń pa itan mọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án. Ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chromolaena odorata, tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá tí ó sì bo oko àgbẹ̀ káàkiri, gba orúkọ Akíntọ́lá-takú àti ewé Awólọ́wọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Nígbà tí òṣíbàtà àjèjì tí ń léfòó lórí omi dé ọ̀sà Badagry ní ọdún 1984, tí ó dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi mọ́ àwọn apẹja, kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní gbéborùn, nítorí pé bí òfófó ni ó ṣe ń tàn kálẹ̀.

Orúkọ bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sọ ìsọ̀rí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé ọ̀ràn kan náà ni Akíntọ́lá-takú àti gbéborùn, ó nílò ọ̀rọ̀ tí yóò kó wọn pọ̀. Àtọ̀húnrìnwá nìkan kò tó, nítorí pé àtọ̀húnrìnwá ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó náà, kò sì sí ẹni tí ó ń fi wọ́n sùn. Èyí tí ó ń gba oúnjẹ, oòrùn àti àyè mọ́ àwọn ewéko onílẹ̀ lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a pè ní àtọ̀húnrìnwá ajẹgàba. Báyìí ni orúkọ ìbílẹ̀ yóò dúró fún ewéko, tí ọ̀rọ̀-ìperí yóò dúró fún ìsọ̀rí, tí ọ̀kan kò sì ní lé èkejì jáde.

Ooru tí a há mọ́

Ibi tí ìtumọ̀ olówuuru ti ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi jù ni ọ̀rọ̀ nípa ìmóoru àgbáyé. Ilé onígíláàsì tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ olótùútù ń gbin ewébẹ̀ sí ní ìgbà òtútù ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí a bá tú u sí “ilé aláwọ̀ ewé”, ọmọ tí kò rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí yóò máa wá ilé tí wọ́n fi ọ̀dà kùn.

Iṣẹ́ tí ó ń lọ níbẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Oòrùn ń ta sí ilẹ̀, ilẹ̀ ń gbóná, ó sì ń tú ooru padà sí òfuurufú. Àwọn gáàsì kan ń gba ooru náà mọ́ra, wọ́n sì ń dá apá kan rẹ̀ padà. Ìháoorumọ́ ni a lè pe iṣẹ́ yìí, kí a sì pe àwọn gáàsì náà ní aháoorumọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nílé: òru ìgbà ọyẹ́ a máa tutù nítorí pé ojú ọ̀run mọ́, oruku omi inú afẹ́fẹ́ sì kéré, tí ooru fi ń sá lọ, òru ìgbà òjò tí ìkuukùu bò kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Oruku omi pẹ̀lú jẹ́ aháoorumọ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìháoorumọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi. Láìsí i, ojú ayé ìbá tutù dé ibi tí omi ń dì. Àpọ̀jù rẹ̀ ni ọ̀ràn. Kí ilẹ̀ Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá, kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan. Ní òde òní ó ti kọjá 420. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ yìí kì yóò jẹ́ kí ọmọ da ìháoorumọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀sóònù, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé ìdánwò. Ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tí ń ba ara jẹ́ ni ti ọ̀sóònù, òun ni Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 sì wà fún.

Ìdánwò mẹ́ta fún ọ̀rọ̀-ìperí

Èkíní, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ náà ya aṣeǹkan, iṣẹ́ àti àbájáde sọ́tọ̀? Aháoorumọ́, ìháoorumọ́ àti ìmóoru yege níhìn-ín.

Èkejì, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn kò dí i lọ́wọ́? Bí a bá pe bí koríko ṣe ń bọ́ tata, tí tata ń bọ́ ọ̀pọ̀lọ́, tí ọ̀pọ̀lọ́ ń bọ́ ejò ní “ẹ̀wọ̀n oúnjẹ”, ilé ẹ̀wọ̀n ni yóò sọ sí ọmọ lọ́kàn. Ìtẹ̀léra ìjẹ sàn jù.

Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ a lè lò ó nínú gbólóhùn nílé, ní iwájú ẹni tí kò lọ sí ilé-ìwé? Pollution ni a sábà máa ń tú sí ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ni ohun tí ojú rí. Ní ọdún 2010, òjé inú erùpẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tí ó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Ojú kò rí ìdọ̀tí kankan. Ìdapọ̀-oró ni ó yẹ fún irú èyí, kí a fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún ohun tí a lè gbá.

Ìkádìí

Àwọn kan yóò sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ìdánwò àṣekágbá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, àfidánúwò ni gbogbo èyí. Ètò Ifẹ̀ ti dá wọn lóhùn: ohun tí ó bá yé ọmọ ní èdè rẹ̀ kì í dí i lọ́wọ́ láti kọ ọ́ ní èdè mìíràn. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ Báyọ́lọ́jì inú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà jọ jókòó, kí wọ́n jọ to ọ̀rọ̀ tí ẹ̀kọ́ sáà kan nílò, kí wọ́n sì gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ láti dán wò nílé. Èyí tí àwọn ará ilé bá gbà, kí a tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọn kò bá gbà, kí a tún un ṣe. Ọmọ tí ó bá lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé, “Bàbá, pàǹtí tí à ń dà sódò ni ìfẹrẹ̀dí, ìfẹrẹ̀dí ni ó bí àkúnya, àkúnya ni ó di omíyalé,” ti jẹ èrè ẹ̀kọ́ náà kí èsì ìdánwò tó jáde.